Kórà Inú Àpótí Dígí

Ní Ìkẹ́rẹ́, tíṣà bàọ́lọ́jì wa tó ti fẹ̀yìn tì máa ń fi àlùmọ́gàjí gé kórà inú àpótí dígí olómi iyọ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ohun ẹlẹ́mìí inú òkun ni, ó rọ̀ bí olú. Á máa sọ fún kórà náà pé, "Rọra o, ìwọ nìkan kọ́ ni mo bí." Ṣùgbọ́n bó ṣe ń gé e ló ń pọ̀ sí i, títí àyè fi há mọ́ ẹja méjèèjì tó wà níbẹ̀.

Mo ní, "Sà, ẹ kó o dànù."

Ó ní, "Látìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kí ló tún ń gbèrú nínú ulé yìí?"

Nígbà tí ẹja kan bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ó gbé òkúta tí kórà náà lẹ̀ mọ́ síta sínú oòrùn. Ó jókòó tì í, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, títí kórà náà fi gbẹ.