Ọjọ́ Méjì Tí Mo Fi Ṣe Akẹ́kọ̀ọ́ ní Turin

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ṣe nígbà tí mo dé Turin ni pé mo dọ̀bálẹ̀ sínú ìgbẹ́ ajá.

Ẹ ní sùúrù, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rín lẹ fẹ́ rín, ẹ rín in, èmi náà ti fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ tó.

Nígbà tí lira ṣì ni wọ́n ń ná ní Ítálì ni. Àdúgbò Arcella ni mò ń gbé, lẹ́yìn ibùdó treno, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin, ní Padua, níbi táwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Fabbrica kan, ìyẹn ilé iṣẹ́ ńlá, lápá Verona ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pa adìẹ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fa ìfun jáde. Láti àárọ̀ títí dọ̀sán, ìfun. Mo máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, òórùn ẹ̀ ò ní lọ. Àmọ́ ní ilé wa n'Íbàdàn, lọ́dọ̀ bàbá mi tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ òfin ni mí ní yunifásítì ní Turin.

Mo wọ iléèwé o, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àlejò ní èdè Ítálì ni, ní Padua. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege níbẹ̀ kí n tó débi òfin kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo lò. Kò sẹ́ni tó lé mi, kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí. Òtútù ń mú láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì gbóná, mo sùn. Bí mo ṣe pa ìwé tì nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Turin ni mo mú sọ? Torí pé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Padua máa ń lọ sílé tọ́dún bá ń lọ sópin, ẹnu wọn ò sì ṣe é dí. Turin jìnnà. Mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ débẹ̀ rí. Mo rò pé mo gbọ́n.

Àfi bí bàbá mi ṣe sọ lórí fóònù pé àbúrò àwọn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Kékeré, wà ní Jámánì fún iṣẹ́, pé ó máa yà sọ́dọ̀ mi ní Turin fún ọjọ́ méjì.

"Mú un rí ìlú," bàbá mi ní. "Kó o sì mú un dé iléèwé ẹ. Ohun tó bá rí ló máa wá ròyìn fún mi."

Ẹ wo nǹkan tí mo kó sí. Bàbá Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi nígbà yẹn. Tí Dádì Kékeré bá fi lè padà sílé lọ sọ pé kò sí lọ́yà kankan, kò sí bí bàbá mi ṣe máa gbójú sókè níta mọ́.

Ni mo bá wọ treno ní ìdájí. Mo ti dé ibùdó Turin ṣáájú wọn. Bí mo ṣe rí wọn níta, nínú kóòtù tó tóbi jù wọ́n lọ, mo sáré lọ bá wọn lábẹ́ portici, ìyẹn òrùlé gígùn tí wọ́n kọ́ bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní àárín ìlú yẹn. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti kí ẹnikẹ́ni tàyàtàyà. Lọ́jọ́ yẹn ni mo wá fẹ́ ṣe ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Mo na gbalaja. Mo kàn rí i pé nǹkan kan rọ̀ lábẹ́ àyà mi, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ajá ìlú yẹn ń wọ kóòtù, wọ́n ní dókítà, àmọ́ ojú títì ni ṣáláńgá wọn.

"Dìde, dìde, lọ́yà wa!" Dádì Kékeré ní. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì tún tì mí sẹ́yìn. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Ìlú ni, sà."

Mo fi bébà nù ún, ó wá tàn kálẹ̀ dáadáa. Jákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Torí náà àwa mẹ́ta la jọ rin ìlú: èmi, Dádì Kékeré, àti òórùn.

Nínú ìwé kan tí mo yá wò nínú treno, ibi tí wọ́n kó àwọn nǹkan àtijọ́ ilẹ̀ Íjíbítì sí ni wọ́n ní kí àlejò kọ́kọ́ lọ. Mo mú wọn lọ. Ọ̀kan lára àwọn òkú àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ fún wíwò, ẹsẹ̀ ẹ̀ yọ síta, èékánná ṣì wà lára ẹ̀, ó dúdú, ó rún bí ẹja gbígbẹ.

"A sanwó wá wo òkú?" Dádì Kékeré bi mí.

"Èèyàn ńlá ni wọ́n nígbà ayé wọn, sà."

"Kí ló dé tẹ́nì kankan ò sin wọ́n?"

Wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta fún òkú kọ̀ọ̀kan. Òkú sì pọ̀ níbẹ̀. Èmi tí mò ń rí òkú adìẹ lójoojúmọ́, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò.

Nígbà tí ebi ń pa wá, wọ́n ní kí n mú àwọn lọ síbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹun. Mo wọ ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ tí mo rí. Mo na ìka sí ohun kan lórí ìwé oúnjẹ wọn, mo ṣe bí ẹni tó ń jẹ ẹ́ láti kékeré. Mo ṣáà rí i pé ẹran ni. Ẹran dé lóòótọ́. Wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, ó pupa, ó tutù, wọ́n da òróró lé e lórí. Dádì Kékeré káwọ́ gbera, wọ́n ń dúró kí àwọn olóúnjẹ wá gbé e lọ sè.

"Ṣé wọn ò ní gáàsì ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ níbí nìyẹn, sà."

"Ìwọ náà ń jẹ ẹ́?"

"Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, sà."

Wọ́n wá rọra ti àwo tiwọn sí iwájú mi. "Gba tèmi mọ́ ọn, ọmọ mi. Ìwé kíkà ń fẹ́ okun."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ oúnjẹ tí Dádì Kékeré fọwọ́ ara wọn gbé fún mi? Mo jẹ àwo méjì. Ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun mi, mi ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́, tí n bá jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ mo máa bì. Mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú mi.

"Ata ẹ̀ ló pọ̀ díẹ̀," mo ní. Kò sí ata kankan níbẹ̀.

Òtẹ́ẹ̀lì la sùn, torí mo ní wọn kì í gba àlejò nílé akẹ́kọ̀ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Dádì Kékeré ní iléèwé ló kù. Mi ò mọ ibi tí iléèwé mi wà. Mo mú wọn rìn káàkiri títí ẹsẹ̀ fi ń dùn wọ́n, ni mo bá yọ́ lọ bi ìyá àgbà kan léèrè. Dádì Kékeré ní kí ni mo bá màmá yẹn sọ, mo ní mò ń kí wọn ni. Ìyá yẹn wá láàánú jù. Ó ní òun máa mú wa débẹ̀. Ó di apá jákẹ́ẹ̀tì mi mú, ó gbóòórùn, ó fi í sílẹ̀. Ó ṣíwájú wa títí a fi dé ẹnu géètì, ó nawọ́ sí i, ó sì pè é fún mi díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọwọ́: "U-ni-ver-si-tà." Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀.

Dádì Kékeré dúró kó lọ tán. "Ṣé ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń sìn ẹ́ wá síléèwé báyìí?"

Mo la ẹnu, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ fabbrica, mo sọ ọ̀rọ̀ ìfun, mo sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tòótọ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n ń yẹra fún mi torí òórùn.

"Torí èyí lo ṣe jẹ ẹran tútù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwo méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Orí ẹ ò pé." Wọ́n fà mí lọ sí ilé fóònù tó wà lójú títì. "Èmi ò ní bá ẹ ru ẹrù yìí délé. Ìwọ fúnra ẹ lo máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi."

Lánlọ́ọ̀dù ló ni fóònù ilé wa n'Íbàdàn. Wàá pè, wọ́n á lọ bá ẹ pe bàbá mi, wàá tún pè lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn dúró síbi tó ń rùn fún ìtọ̀ àti sìgá. Mo pè, bàbá mi gbé e, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sọ gbogbo ẹ̀ láìdákẹ́. Èpè ni mò ń retí. Ká sòótọ́, mo fẹ́ kí wọ́n ṣépè fún mi, bóyá ara mi á mọ́.

Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Ta ló tún gbọ́?"

"Dádì Kékeré nìkan, sà."

"Ìyá ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́. Mo ti ṣe ìdúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì." Wọ́n wá bi mí: "Ọdún mélòó ló kù kó o parí?"

Mo rò pé ohùn mi ò já geere. "Dádì, mo ní mi ò lọ síléèwé."

"Mo gbọ́. Mo ní, ọdún mélòó la máa sọ pé ó kù?"

Mo wo Dádì Kékeré láti inú gíláàsì. Wọ́n ti kẹ̀yìn sí mi.

"Ọdún méjì, sà."

"Ó dáa. Lánlọ́ọ̀dù fẹ́ kí ẹ." Mo gbọ́ bí fóònù ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ohùn bàbá mi sì tún ròkè, ó dùn bíi ti tẹ́lẹ̀: "Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀, inú iléèwé gan-an ló ti ń pè!"