Súìtì Àárò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, nínú ilé gígùn tí yàrá kọjú sí yàrá. Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má rẹ́rìn-ín pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgùnbánirọ̀ tán ń sọ̀rọ̀ bí arúgbó. Dídáwà máa ń tètè sọ ọmọ di àgbà.

Ìyá mi ń ránṣọ ní Ìkòtún, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Tí a bá ti ilé ìwé dé, àwọn ọmọ yàrá kejì á gba ilé kéwú lọ, àwọn ọmọ ọ̀ọ́kán á wọ sùtánà funfun, wọ́n á tẹ̀ lé ìyá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi nìkan ló máa ń kù. Ìyá mi mọ̀, ó sì ń dùn ún, ló bá ń fi súìtì sínú kọ́ọ̀bù kan fún mi láràárọ̀.

"Tí àárò mi bá ti ń sọ ẹ́, mú ọ̀kan," ló máa ń wí.

Àárò rẹ̀ kì í sì í tán lára mi. N kì í rún súìtì náà. Màá fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, torí ó máa ń ṣe mí bíi pé ìyá mi wà nítòsí níwọ̀n ìgbà tí adùn náà kò bá tíì tán. Bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe sùn lọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí eyín kan lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, ìyá onílé ní, "Eyín ọmọdé kẹ̀? Ṣebí ó máa já náà ni. Ẹ fi iyọ̀ sí i jàre."

A fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Àwọn ọmọ ilé wa sọ mí ní Ẹlẹ́bà, wọ́n ní mo kó ẹ̀bà pamọ́ sẹ́nu. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí dọ́kàn.

Ìyá mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ìgàndó, dókítà sì yọ eyín náà. Mo nawọ́ sí nọ́ọ̀sì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, eyín mi dà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Àbí o fẹ́ lọ tà á ni?"

"Mo fẹ́ jù ú sórí òrùlé ni."

Ó ti dà á nù. Ní ilé wa, tí eyín ọmọ bá já, gbogbo ọmọdé á pé jọ, wọ́n á pariwo, wọ́n á jù ú sórí páànù kí tuntun lè hù. Èmi ò ní nǹkan kan tí màá jù. Ẹ̀rù bà mí pé ihò náà á wà bẹ́ẹ̀ láéláé.

Dókítà sọ fún ìyá mi pé, "Súìtì tó ń pẹ́ lẹ́nu ló fà á, mà. Ẹ máa fọ eyín rẹ̀ láàárọ̀ àti kó tó sùn. Tó bá ti fọ̀ ọ́ lálẹ́, omi nìkan ni kó mu. Eyín ọmọdé ló ń di àyè mú fún eyín àgbà. Tó bá tètè kúrò, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gba àyè náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀pà ló wà nínú kọ́ọ̀bù. Ẹ̀pà kì í pẹ́ lẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì rí i pé mo dá wà.

Ọdún gorí ọdún, ihò náà ò dí. Àwọn ọmọ ilé kéwú kó lọ sí Ìpájà, àwọn onísùtánà kó lọ sí Ìṣẹ̀rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ahọ́n mi kan nǹkan mímú. Mo sáré jáde, n ò rí ẹni tí màá fi hàn. Mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ìkòtún. Ìyá mi yẹ ẹnu mi wò níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Ó dé! Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé."

Ló bá bú sẹ́kún. Mo rò pé wíwọ́ tí eyín náà wọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àárò tèmi náà ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ayé ti yí padà báyìí. Àwọn ìyá àdúgbò wa ti ń fi aṣọ tútù nu èrìgì ọmọ kí eyín tó hù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ tí kò ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí àwọn ọmọ tó ń dá jókòó lẹ́yìn fèrèsé, fóònù lọ́wọ́, súìtì sì mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan yọ gọngọ. Ẹ gba súìtì náà lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ má tíì dìde.