Ìyá Ìgò àti Omi Ìsàlẹ̀ Òkun

Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Ìgò, torí òun ló ń fọ ìgò tí wọ́n fi ń bu omi òkun wá sí yàrá àyẹ̀wò. Kò jẹ́ kí ọṣẹ kan ìgò náà rárá, kó má bàa da àyẹ̀wò rú.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin bi í nígbà kan pé, "Mọ́mì, kí ló wà nínú omi yẹn tí ẹ ń kẹ́ ẹ bí ọmọ tuntun?"

"Kòkòrò tí ojú ò lè rí ni. Ẹja tó kú àti ìgbẹ́ ẹja ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí wọ́n bá sọ ọ́ dà ni ewéko wínníwínní inú òkun fi ń dàgbà, òun lẹja kéékèèké ń jẹ. Bí wọ́n bá daṣẹ́ sílẹ̀, ebi dé bá gbogbo òkun nìyẹn."

Lọ́dún kan, amóníà, èròjà olóòórùn líle tó máa ń jáde lára ìgbẹ́ àti òkú ẹja, ṣàdédé pọ̀ nínú omi ìsàlẹ̀ òkun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò náà dùn, ó rò pé òun ti rí ohun tuntun. Ó gbà pé àwọn kòkòrò tó máa ń sọ amóníà di oúnjẹ ewéko ti dẹwọ́ iṣẹ́ ni. Ó kọ ìwé lé e lórí, ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jáde.

Ìyá Ìgò yẹ àkọsílẹ̀ wò. Ìgò tí wọ́n sá sórí pẹpẹ ìsàlẹ̀ nìkan ló ní wàhálà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, òórùn kan sì ta á nímú. Oògùn tuntun tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ni, amóníà sì wà nínú rẹ̀. Ó lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Òkun ò ṣe nǹkan kan. Ilẹ̀ wa ni."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Imú mi ni."

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ìgò kan sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ yẹn, kí wọ́n ti ìyókù mọ́ yàrá mìíràn, kí wọ́n wá rọ omi mímọ́ sí gbogbo wọn. Tìsàlẹ̀ nìkan ló mú amóníà jáde. Ọ̀gá gba ìwé tó fi ránṣẹ́ padà. Ó dùn ún wọra, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá Ìyá Ìgò sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé, "Ẹ bá wa lọ sójú òkun lọ́la. Ẹ ò débẹ̀ rí."

Ìyá Ìgò bá wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìgò sínú omi. Ṣùgbọ́n èébì ò jẹ́ kó gbádùn ẹ̀: ó bì ní àlọ, ó bì ní àbọ̀. Ó ní òun ò lọ mọ́ láé. Ọdún mẹ́rin ló tún fi fọ ìgò kó tó fẹ̀yìn tì.