Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ Ṣẹ́gi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ẹnu àgbá epo ìyá mi lọ, ẹni méjì ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó dáadáa, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀. Èmi tí mi ò lè jókòó, ẹ jẹ́ kí n máa rìn ká bí mo ṣe ń sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí nìkan, mo ti dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹrin, bẹ́ẹ̀ mi ò retí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn.

Ìbejì ni wá. Èmi ni Táyé, èmi ni mo kọ́kọ́ yọjú sáyé. Òun ni Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó dé kẹ́yìn ló rán èkejì níṣẹ́ pé kó lọ wo ayé wá. Pọ́bẹ̀ níhìn-ín, létí ibodè Nàìjíríà, ni wọ́n bí wa sí, ní àdúgbò tí èéfín ẹyìn sísè kì í tán lókè ilé. Epo ni ìyá wa ń ṣe. Nígbà náà, ọkọ̀ ojú irin ṣì ń ti Àjàṣẹ́ wá, á gba Sàkẹ́tẹ́, á wá dúró lọ́dọ̀ wa, torí ọ̀dọ̀ wa ni irin parí sí. Bó bá ti fọn fèrè báyìí, àwa méjèèjì á ti sá débẹ̀, ìyá wa á sì máa pariwo lẹ́yìn wa pé ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Ní ọdún kan, ibà mú àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi dìde. Mo bèèrè ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá mi ń koná lọ́wọ́, kò wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ṣẹ́gi."

Ó lè má yé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, láàárín àwa àti àwọn Gùn tí a jọ ń gbé, a kì í sọ pé ìbejì kú. Èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kì í gbé ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu. Ó lọ ṣẹ́gi ni, ó wà nínú igbó, ọjọ́ tó bá di ẹrù rẹ̀ tán á padà wálé. Ohunkóhun tí o bá sì ṣe fún èyí tó wà nílé, o gbọ́dọ̀ ṣe é fún èyí tó lọ ṣẹ́gi. Àwọn ìdílé mìíràn á gbẹ́ ère, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá mi ń lọ, ìjọ tó ti Àjàṣẹ́ ṣẹ̀ wá, wọn kì í sì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ère rárá. Ìyá mi ò gbẹ́ ère. Èmi ló lò.

Àwo méjì ló máa ń gbé síwájú mi láràárọ̀. "Èyí tìrẹ, èyí ti ẹ̀gbọ́n rẹ." Màá jẹ tèmi. Lẹ́yìn náà, màá sún sí apá kejì ẹní, màá rẹ ohùn sílẹ̀, torí ohùn tirẹ̀ wúwo ju tèmi lọ, màá na ẹsẹ̀ òsì bó ṣe máa ń nà án, màá jẹ tirẹ̀ náà tán, màá ní, "Ìyá, ẹ ṣeun." Ó mọ̀ pé èmi ni o! Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ á tàn, á sì dáhùn pé, "Jẹun dáadáa, igi wúwo." Àwọn oníròyìn tó ń wá bi mí pé ilé ìwé wo ni mo ti kọ́ eré ṣíṣe, mi ò sọ èyí fún wọn rí. Ìdí ààrò ìyá mi ni. Ipa tí mo kọ́kọ́ kó láyé mi, ipa ẹ̀gbọ́n mi ni, èèyàn kan ṣoṣo ló sì ń wò mí.

Aṣọ náà, méjì méjì ni. Tèmi á gbó, á ya. Ti ẹ̀gbọ́n mi á wà nínú àpótí bí télọ̀ ṣe gbé e wá. Bí mo bá ń sáré kiri ilé, tí àwọn àgbà bá ń bá mi wí, ìyá mi á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ẹni méjì ló wà nínú mi, ibo ni wọ́n fẹ́ kí n jókòó sí?

Kérésì kan wá dé, wọ́n ń ṣe eré ìbí Jésù ní ìjọ wa. Olùṣọ́ àgùntàn ni wọ́n fi mí ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ náà, inú ń run ẹni tó fẹ́ ṣe Hẹ́rọ́dù, mo ní ẹ gbé e wá. Màá pariwo bí ọba, màá bọ́ ẹ̀wù Hẹ́rọ́dù, màá gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn yọ pẹ̀lú ọ̀pá àgùntàn, òógùn á bò mí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ọmọ kan náà ni. Wọ́n bi ìyá mi pé èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Àwọn méjèèjì."

Ẹ jẹ́ kí n wo ìta yẹn ná. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ibo ni mo dúró?

Ẹ̀hẹn. Wọ́n ní kí n lọ sí Sàkẹ́tẹ́ lọ ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà tí a fi ń parí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rí mọ́tò ẹgbẹ́ òṣèré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, àwọn èèyàn ń já àpótí aṣọ sílẹ̀, wọ́n ń kọrin. Ẹsẹ̀ mi kò lọ sí ilé ìwé mọ́. Bí mo ṣe tẹ̀ lé wọn nìyẹn, ọdún púpọ̀ sì ni mo fi tẹ̀ lé wọn. Mo ṣe ìyàwó ilé, mo ṣe ọba, mo ṣe wèrè, mo ṣe ìyá ọkọ tí àwọn obìnrin ń ju èèpo ọsàn lù. Ní Ahoyéyé, nígbà òjò, ẹrẹ̀ dúdú ibẹ̀ gbé mọ́tò wa mì dé àyà, orí ni a fi ru aṣọ ọba wọ ìlú. Ní Towé, mo ṣe aṣọ́bodè, mo wọ kakí, mo fọn fèrè, àwọn onífàyàwọ́ gidi tó wà lẹ́yìn èrò sì já wọ igbó, wọ́n fi jálá epo bẹntiróò wọn sílẹ̀ fún wa. Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni mo ń pẹ́ kí n tó délé. Ìyá mi ò bá mi jà rí. Àwo méjì á ti wà nílẹ̀.

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì fíìmù gbòde, a kọjá ibodè lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Nàìjíríà. Fíìmù tí mo kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yìn mi nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀. Èkejì, mo sọ̀rọ̀, wọ́n fi ohùn ará Pọ́bẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́, mo bá kọ́ tiwọn, mo sọ ọ́ débi pé wọ́n ń bi mí ní agbo ilé mi ní Ọ̀yọ́. Mo di olè nínú fíìmù, mo di pásítọ̀, mo di bàbá ìyàwó. Ẹ̀yin ń pè mí ní ọlọ́pọ̀ ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kọ́ o, ara mi ni kò gbà kí n jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bákan náà ni mo ṣe di olùdarí. Òṣèré á jókòó láti àárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá pè é, èmi ò sì lè jókòó. Olùdarí ló ń rìn ká.

Àwọn ọdún yẹn yára lọ. Ọjọ́ kan ni mo délé, mo rí i pé ìyá mi ń fọwọ́ wá etí àwo kó tó gbé e. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyá yìí kò ní ṣíwọ́ wíwò láìrí àwa ọmọ rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Fíìmù ìbejì ni màá ṣe, èmi ni màá ṣe méjèèjì, ó sì gbọ́dọ̀ wò ó kí ojú náà tó pa dé.

Àláájì kan tó ń ta aṣọ ní Sàkẹ́tẹ́ ló fi owó dúró tì wá. Pọ́bẹ̀ la ti yà á, nínú agbolé wa. A ri ẹsẹ̀ kámẹ́rà mọ́lẹ̀ kí ó má mì rárá, a fi ẹfun fa ìlà sáàárín ojúlé. Lápá òsì ìlà, èmi Táyé á jókòó, màá sọ tèmi. Wọ́n á ké "kúpé!", kámẹ́rà á dákẹ́, màá sáré wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, màá jáde sí apá ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á wá so méjèèjì pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Inú àpótí ìyá mi ni mo ti mú aṣọ ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ rí. Kí ojú mi má baà ṣìnà, a ri igi kan mọ́lẹ̀ níbi tí orí rẹ̀ yẹ kó wà, a fi fìlà dé e. Ìyá mi ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Igi ni, Ìyá. Òun ni màá máa wò tí mo bá ń bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀." Ó dìde, ó rìn dé ibẹ̀, ó tún fìlà náà ṣe kó jókòó dáadáa.

Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyí. Mo ti gbé níbi tí fíìmù kì í parí láìsí ẹkún, mo sì ti gbàgbé ẹni tí mo ń ṣe é fún. Mo jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kú nínú ìtàn náà. Mo sùn sínú pósí, wọ́n sin mí, mo ń ké "kúpé!" látinú pósí. Gbogbo wa gbà pé ó dára.

A wò ó lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, a fi aṣọ dí fèrèsé yàrá ìyá mi, a ta aṣọ funfun sára ògiri. Nígbà tó rí àwa méjèèjì lórí ẹní kan, ó di ọwọ́ mi mú, kò fi sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá wọn lóhùn. Ìgbà tí pósí jáde, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ta ló kú?"

Mo dìde, mo pa ẹ̀rọ náà.

"Mo ní, ta ló kú? Èmi tí mo bí i, láti ọjọ́ náà dòní, mi ò sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́ nígbà tí mo wà ní èmi nìkan. Ìwọ lo wá sọ ọ́ lójú ogunlọ́gọ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni o fẹ́ kí n sin ọmọ kan?"

Ó jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sí àwo lórí ẹní, kò sí ọ̀kan, kò sí méjì. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wọlé, mi ò lè dúró síta. Mo gun alùpùpù lọ bá Àláájì ní Sàkẹ́tẹ́. Ó ní ó ti pẹ́ jù, ó ní èrò máa fẹ́ràn ibi ìsìnkú yẹn. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún un bó ṣe sọ ọ́. Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ yí i padà, ọ̀gá. Ìyá tèmi náà bí ìbejì."

Òjò ti dé. Lọ́sẹ̀ náà, ojú ọ̀tún ìyá mi pa dé pátápátá. Òsì nìkan ló kù, òun náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Mo kó àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ sí ọ̀nà oko Ìgánà. Wọ́n ti di igi fẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ fún mi, wọ́n ní bàbá ti dàgbà. Mo lé wọn. Igi tí èèyàn ti ń ṣẹ́ láti kékeré, ṣé ìdì kékeré ló yẹ kó jẹ́? Mo fi ọwọ́ ara mi ṣẹ́ ẹ, mo dì í, ẹni mẹ́ta ló gbé e rù mí. Mo wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ti inú igbó yọ, ọrùn mi ń gbọ̀n, mo rìn dé ojúlé wa, mo sọ ẹrù kalẹ̀. Lápá kejì ìlà ẹfun, èmi Táyé dìde, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀." Ó dáhùn pé, "Ọ̀nà jìn."

Mo bẹ ìyá mi lọ́jọ́ mẹ́ta kó tó gbà láti wò ó. Ó jókòó sún mọ́ ògiri, ó yí ojú òsì sí i. Nígbà tí igi náà balẹ̀ gbì, ó ní, "Ó dé." Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún ní, "Igi yẹn mà pọ̀ o. Abájọ tó fi pẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àwo kan síwájú mi. Ẹ̀wà ni, epo ń dán lórí rẹ̀. Mo dúró, mo ń wo ọ̀nà ìdáná. Mo ní, "Ìyá, ti ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé. Ó ti jẹ tirẹ̀. Ìwọ náà jókòó, kí o jẹ tìrẹ."

Mo jókòó. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo jókòó títí oúnjẹ náà fi tán, mo ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ẹsẹ̀ mi kò sì mì.

Ayé ti yí padà. Koríko ti bo ojú irin wa, ẹ̀yin ò tilẹ̀ mọ ibi tó gbà. Ọmọdé ń gbé fóònù sókè, á ṣe ìyá, á ṣe bàbá, á ṣe ọlọ́pàá, ẹgbẹ̀rún èèyàn á ti wò ó kí iṣu tó jinná. Mi ò bú yín o, ẹ mọ̀ ọ́n ṣe ju àwa lọ. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín: ta lẹ ń ṣe é fún? Èèyàn kan ṣoṣo ni tèmi, ìyá mi ni. Ó ti lọ, ọdún tó tẹ̀ lé ọjọ́ ẹ̀wà yẹn ló lọ, àìsinmi mi sì ti padà dé. Mo ń lọ, mo ń bọ̀, mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Láràárọ̀, ìyàwó mi á gbé àwo kan síwájú mi, èmi náà á sì rọra sún díẹ̀ lórí ẹní, kí àyè lè wà.