Àkàrà Ọjọ́ Jímọ̀

Ọkọ mi ló ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Tíṣà ni àwa méjèèjì nílùú Ìwó, láyé àwọn ṣọ́jà, ìjọba ò sì sanwó oṣù. Ó ní tí a bá ń ráhùn káàkiri, a jẹ́ pé a ò gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run nìyẹn. Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti sọ. Ọwọ́ mi lọmọ ti ń béèrè oúnjẹ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, gààrí tán pátá. Ọmọbìnrin wa, tí ò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti òwúrọ̀. Bàbá ẹ̀ ní ká kúnlẹ̀, ká sọ fún Ọlọ́run.

Ọmọ náà bi í pé, "Ṣé Ọlọ́run máa gbé e wá báyìí?"

"Báyìí báyìí ni."

Ọmọ mi wá ṣe àmín bí ẹni tí ọ̀fun ẹ̀ máa ya.

A ò tíì dìde tí wọ́n fi kanlẹ̀kùn. Ìyá onílé wa ni, Àlàájà àgbàlagbà tó ń gbé iwájú ilé. Àwo àkàrà gbígbóná wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀kọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ mi fò sókè: "Màmá mi, Ọlọ́run ti gbé e dé o!"

Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ má bínú, àwa kì í jẹ sàráà."

Àkàrà lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ni ì bá tún pè é? Wọ́n sì ti kìlọ̀ sàráà fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n sì gbé àwo wọn padà. Òórùn àkàrà yẹn ò kúrò nínú yàrá. Inú bí mi gan-an.

Nígbà tó yá, mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Ìyá.

"Sàráà kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Ta ló ń ṣe sàráà? Mi ò rí èéfín níbi àdògán yín láti àná, ni mo bá lọ ẹ̀wà díẹ̀. Mo mà ti pín àkàrà náà fáwọn ọmọ ilé kéwú, ìyàwó mi." Wọ́n wọlé lọ mú iṣu kan fún mi.

Mo sè é. Mo sọ fún ọkọ mi pé Ìyá ní kì í ṣe sàráà. Ó di ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí iṣu náà. Èmi nìkan ni mo ṣe àmín.

Ó bi ọmọ wa pé, "Ìwọ ńkọ́?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ ti lé Ọlọ́run lọ. Ta lẹ tún ń bá sọ̀rọ̀?"