Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Dougal Fi Wálé

Kéèyàn fẹ́ràn ọmọ ẹ̀ kó má rí i fọwọ́ kàn, àìsàn ni, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Oṣù mẹ́wàá gbáko ni Dougal fi ṣàìsàn yẹn níbi ìwakùsà ní Ọsirélíà. Kó tó lọ, irun àgùntàn ló ń rẹ́ káàkiri oko wa ní agbègbè Otago, òdìkejì òkun sí Ọsirélíà. Á ti jáde kí Tui ọmọ ẹ̀ tó jí, ọmọ á sì ti sùn kó tó wọlé. Ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni tiwọn. Á so ọmọlanke kékeré alábòrí mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, á gbé ọmọ sínú ẹ̀, Raewyn ìyàwó ẹ̀ á gun tiẹ̀ tẹ̀ lé wọn, ó di ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tí wọ́n ti hú irin ẹ̀ kúrò, títí dé ìlú kékeré Lauder.

Ní Ọsirélíà, ọjọ́ Sọ́ńdè ló ń dá a lóró jù. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa rántí òórùn ewé táìmù, èyí tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀, tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè wa, ọkàn ẹ̀ á fà sílé débi pé oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun. Tó bá sì pè, tójú ẹ̀ hàn lórí fóònù, Tui á sá sẹ́yìn ìyá ẹ̀. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ló fi sílẹ̀.

Wọ́n wá fún un láyè ọjọ́ mẹ́rin péré. Lauder ni bọ́ọ̀sì já a sí, níwájú ṣọ́ọ̀bù Mervyn, bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Raewyn ti gun kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ó fi ọmọlanke fa ọmọ wá.

"Tui, dádì ẹ nìyí o."

Ọmọ wò ó. "Rárá!" ló wí, ó bú sẹ́kún. Bí Dougal ṣe nawọ́ sí i, ó figbe ta bí ẹni tí ata kó sí lójú. Dougal fawọ́ sẹ́yìn.

"Raewyn, kò mọ̀ mí mọ́. Mo gbé!"

Mervyn yọjú, gíríìsì kún ọwọ́ ẹ̀. "Dougal, kí lò ń sunkún fún? Ṣé o fẹ́ lé oníbàárà mi ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ọmọ mi ò mọ ojú mi mọ́."

"Ojú ẹ kẹ̀? Ìgbà wo ló rí i tẹ́lẹ̀? Ọmọ tó jókòó sínú ọmọlanke, kí ló ń rí bí ò ṣe ẹ̀yìn ẹni tó ń fà á? Ojú ẹ ọ̀hún náà ò kúkú ṣeé fi yangàn. Gorí kẹ̀kẹ́, jàre!"

Tui ṣì wà nínú ọmọlanke nígbà tí Dougal gun kẹ̀kẹ́ Raewyn, ó kọjú síwájú, ó ń wà á lọ. Ẹkún ọmọ tẹ̀ lé e dé orí afárá. Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Dádì," ohùn kékeré kan wí lẹ́yìn ẹ̀. "Dádì, sáré!"

Háà! Ó wu Dougal bí ẹ̀mí kó bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tóun bá yíjú padà báyìí, àjèjì lọmọ máa rí. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀ pòròpòrò, ó sáré.