Ṣé Ó Ti Tó?

Kàlẹ́ńdà kan wà lára fíríìjì wa ní Thamesmead, ní London. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja gbígbẹ fún wa ní Woolwich ni mo ti gbà á. Lóṣooṣù ni mò ń fi bírò pupa sàmì kékeré sí ọjọ́ tí nǹkan oṣù ọmọbìnrin mi bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà. Kò bẹ̀ mí pé kí n máa ṣe é. Èmi ni mo fẹ́ máa mọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, a sì máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀: aago tí wọ́n mumi, aago tí a yí wọn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀.

Nínú oṣù kẹsàn-án, ìjọ wa kéde pé ọmọ kan yóò ka ìwé tó fúnra rẹ̀ kọ lórí àwọn tó dá Nàìjíríà sílẹ̀, lọ́jọ́ ìdúpẹ́ òmìnira, Sọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá. Ọmọ mi ni wọ́n mú. Kí n tó yọ̀, mo kọ́kọ́ lọ wo kàlẹ́ńdà. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé àdúrà títí yóò fi mọ́, tí wọn yóò sì gbàdúrà fún un. Inú òfin yìí ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí rí. Tí Sọ́ńdè bẹ́ẹ̀ bá kan ọmọ mi, mo máa ń fi í sílẹ̀ sílé, màá ní orí ń fọ́ ọ. Bí mo ṣe kà á, Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé Sọ́ńdè náà ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ṣì wà láàárín. Mo fi bírò yí Ọjọ́bọ̀ náà ká. Ọkàn mi balẹ̀.

Ojú ìwé mẹ́ta ni ọmọ mi kọ. Èkíní wà fún àwọn ọkùnrin tó wọ kóòtù wá sí London wá bá ìjọba òyìnbó ṣe ìpàdé. Ẹ̀kẹta wà fún àsíá àti ìdúpẹ́. Èkejì, ìyá ìyá mi ló wà níbẹ̀.

Èmi ni mo sọ ìtàn náà fún un, lọ́jọ́ tí mò ń dirun fún un. Ọmọ aláró ni ìyá àgbà mi, ní Abẹ́òkúta, kí òmìnira tó dé. Àwọn obìnrin ń san owó orí tiwọn lọ́tọ̀, ọmọbìnrin tó bá sì ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbọ́dọ̀ san. Bí àwọn agbowó-orí kò bá gba ọjọ́ orí tí wọ́n pè fún wọn gbọ́, wọ́n á ní kí ọmọ náà bọ́ bùbá rẹ̀. Wọ́n wo àyà ìyá àgbà mi ní ìta gbangba, wọ́n ní, "Ó ti tó." Nígbà tí àwọn obìnrin wá tú jáde lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ààfin, ó bá wọn lọ. Wọn ò dìde títí wọ́n fi mú owó orí náà kúrò lọ́rùn wọn, tí ọba sì fi ìlú sílẹ̀. "Ilẹ̀ la jókòó sí," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Kò sẹ́ni tó gbé àga fún wa."

"Wọ́n kàn ń wò ó báyẹn?" ni ọmọ mi bi mí. "Ní ìta?"

"Ní ìta."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí ló wá ṣe?"

"Kí ló lè ṣe?"

"Ó lè pariwo, Mọ́mì. Èmi ì bá pariwo ni."

Láàárọ̀ Sọ́ńdè náà, ó jáde láti bálùwẹ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Ó ti dé," ló wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì."

Bàbá rẹ̀ ti lọ wa bọ́ọ̀sì. Mo wa ọkọ̀ wa dé Nathan Way, òpópónà tí ìjọ wa wà, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mò ń rò ó pé bí nǹkan kan bá ṣe ọmọ yìí lọ́la, èmi nìkan ni màá mọ ìdí rẹ̀.

Inú ilé ìkẹ́rù-sí kan ni ìjọ wa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta táyà. A ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ìyá Ìjọ jáde sí wa.

"Òǹkàwé wa rèé! Sùtánà ń kúrú, ẹsẹ̀ ń gùn bíi ti àgbọ̀nrín. Mummy wa, kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?" Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìjọ wá tẹ̀ sí etí mi. "Ṣé ó ti tó?"

Ohun tó ń bèèrè ni bóyá ọmọ náà ti ń ṣe nǹkan oṣù. Ọmọ mi gbọ́ ọ. Ó wojú mi.

"Ó ti tó, mà," ni mo wí. "Àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀."

Kò bi mí ní èyí tó kẹ́yìn yẹn. Èmi ni mo fi kún un.

"Háà. Kò burú. Kó dúró síta, alàgbà á bá a kà á."

Ọmọ mi kó ìwé rẹ̀ fún un, ó sì padà sínú ọkọ̀, láìwọ bàtà.

Alàgbà fi ohùn ńlá ka ojú ìwé kìíní, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá dárúkọ. Ó gbé èkejì sókè, ó wò ó díẹ̀, ó tì í sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kẹta. Mo jókòó lápá àwọn obìnrin. Mo mọ gbogbo ìlà tó fò. Mi ò nawọ́, mi ò wúkọ́ pàápàá.

Nígbà tí mo dé ìdí ọkọ̀, ọmọ mi ti ṣí fèrèsé sílẹ̀. "Ṣé wọ́n kà á?"

"Wọ́n kà á."

"Ti ìyá àgbà ńkọ́?"

"Wọ́n kà á. Wọ́n tiẹ̀ pàtẹ́wọ́."

Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà tí alàgbà fi dé, ó mú ìwé náà lọ́wọ́. "Ọmọ dáadáa! Ìwé rẹ dùn gan-an. Ti àárín yẹn la fò. Ọ̀rọ̀ àyà ọmọbìnrin, kò yẹ nínú ilé Olúwa. Má bínú, ṣé o gbọ́?"

"Ẹ ṣé, sà," ni ọmọ mi wí. Ó gbà á, ó to ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe yẹ kí wọ́n tò, ó gbé wọn lé orúnkún. A ti ń sún mọ́ ilé kó tó sọ̀rọ̀, kò sì pariwo.

"Mọ́mì, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Nígbà tí a délé, mo fagi lé Ọjọ́bọ̀, mo sàmì sí Sọ́ńdè. Nígbà tí oṣù kọkànlá dé, mo bi í léèrè ọjọ́ tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ò rántí. Lóṣù kejìlá, mi ò bi í mọ́. Àmì Sọ́ńdè yẹn ló kẹ́yìn lórí kàlẹ́ńdà náà.